Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Kì Í Pè

Ẹ má tíì bú mi. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ọ ní Bantè pé èmi Àríyìkẹ́ ń pe ìyá ọkọ mi lórúkọ, ní gbangba, lójú àwọn àlejò. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n rò ó tán ná, kí ẹ wá bú mi bó bá ṣe wù yín.

Wọ́n kọ́ mi nílé. Ṣakí ni Wahab bàbá mi ti gbé wá ta bẹntiróòlù ní Bantè, lápá ilẹ̀ elédè Faransé, Bantè ni wọ́n sì bí mi sí, ṣùgbọ́n ìyá mi ò jẹ́ kí n gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé ọkọ. Ọjọ́ tí mo wọlé ọkọ ní 1965, gbogbo ẹni tí mo bá níbẹ̀ ni mo fún lórúkọ tuntun. Ọkọ mi ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé, mo bá ń pè é ní Tíṣà. Urbain ni orúkọ tí Páàdì fún un níbi ìsàmì, ṣùgbọ́n títí ó fi kú, kò gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Àbúrò rẹ̀, Eusèbe, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà, ikun ń yọ nímú rẹ̀, èmi ń kúnlẹ̀ kí i, mò ń pè é ní Akọ̀wé mi. Ẹ rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ìyá wọn ńkọ́? Ìyá ni mo ń pè é. Gbogbo ìlú ń pè é ní Ìyá Urbain. Bàbá ọkọ mi pàápàá, kí ó tó di olóògbé, Ìyá Urbain náà ló ń pè é. Orúkọ tí wọ́n fún un nígbà tí wọ́n bí i? Ta ni yóò bi í? Ṣé ìyàwó ló máa dìde kó ní kí ìyá ọkọ òun sọ orúkọ rẹ̀ fóun? Mi ò bèèrè, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi. Ká sọ tòótọ́, kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn rí pé ó ní òmíràn.

Ìyá yìí, Lougba ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá sí Bantè, iṣẹ́ oko ló sì mú wá. Ọmọ rẹ̀ di tíṣà ìjọba, ó ra aṣọ olówó iyebíye fún un, Ìyá ká a, ó fi ṣe òṣùká, ó gbé iṣu lé e. Á fi ìka ọwọ́ kan iṣu kó kó, á ní, "Èyí ti bàjẹ́ nínú." Ẹ bá gé e, ó ti bàjẹ́ lóòótọ́. Kì í pariwo. Bí ọbẹ̀ mi bá níyọ̀ jù, á kàn bu omi mu lẹ́ẹ̀mẹta níwájú mi, á máa wò mí. Ó máa ń dà bíi pé kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Bí mo bá sọ̀rọ̀ bí ará Ṣakí, á tún un sọ lédè Bantè, á ní kí n wí i tẹ̀lé òun bí ọmọ iléèwé. Èmi náà kì í ṣe ẹni jẹ́jẹ́, mo máa ń kùn. Á ní, "Kùn ún ní èdè Bantè."

Ní 1980, Tíṣà kú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Claudine, ni mo bí fún un. Àwọn mọ̀lẹ́bí ọkọ mi kóra jọ wá sílé lọ́jọ́ kọkànlélógójì. Wọ́n ní àlejò ni mí, wọ́n ní ọmọ Ìmàle ni mí, wọ́n ní mi ò bí ọkùnrin, kí n kó ẹrù mi lọ sọ́dọ̀ àwọn ará Ṣakí. Ìyá wọlé, ó gbé ẹní rẹ̀ jáde, ó tẹ́ ẹ sẹ́nu ọ̀nà gbọọrọ, ó sì dùbúlẹ̀ lé e. Ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹrù ìyàwó mi jáde, kó gba orí mi kọjá." Ọjọ́ mẹ́ta ló fi sùn síbẹ̀. Wọ́n lọ, wọn ò sì padà wá mọ́.

Ohun tó so èmi àti ẹ̀ pọ̀ nìyẹn. Ẹ fi sọ́kàn.

Ní 1985 ni nǹkan bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ jẹ́ iyọ̀: á fi sọ́bẹ̀, á tún fi sí i, á tún fi sí i. Mo mu omi lẹ́ẹ̀mẹta níwájú rẹ̀, mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò mọ ohun tí mò ń ṣe. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹ máa wá a títí, ẹ ó rí i lójú ọ̀nà Lougba, láìwọ bàtà, ó ní òun ń lọ sílé ìyá òun. Ìyá rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí èmi. Nígbà tó fi máa tó ọdún kan, kò mọ̀ mí mọ́. "Ìwọ obìnrin yìí" ni mo dà. "Ìwọ obìnrin yìí, ìwọ lo kó aṣọ mi." Mo máa wẹ̀ ẹ́, mo máa fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, á jẹ ẹ́ tán, á ní kí wọ́n wá lé olè jáde nílé ọmọ òun. Háà! Mo máa ń sunkún, inú á tún bí mi, èwo ni mo máa mú níbẹ̀?

Ìgbà tí mo wá mọ̀ pé ilé ò gbà wá mọ́ ni ọjọ́ tí mo bá a lẹ́yìnkùlé. Iṣẹ́ bàbá mi ni mo ń ṣe, jálá bẹntiróòlù mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀. Ìyá jókòó sí àárín wọn, ó to igi jọ, iṣu wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ṣá ìṣáná. Ìṣáná ọ̀hún tutù, ìyẹn nìkan ló yọ wá. Mo gbá a lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi, mo gbá ìyá ọkọ mi lọ́wọ́! Ó ní, "Ṣé mi ò gbọdọ̀ sun iṣu jẹ ni?"

Mo wá jókòó, mo ń rò ó. Kí n fi bẹntiróòlù sílẹ̀? Kí la máa jẹ? Kí n gba ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ? Mo gba Salimatou, opó kan tó mọ ìtọ́jú arúgbó, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta owó sẹ́fà lóṣù pẹ̀lú oúnjẹ. Ọjọ́ kọkànlá, Ìyá fi ọmọrogùn gbá a létí, ó ní olè kejì nìyí. Salimatou di ẹrù. Claudine ti wà nílé ọkọ. Mo ránṣẹ́ sí Akọ̀wé mi, àbúrò Tíṣà, tó wà ní Abidjan nígbà náà, ó ní yàrá kan ni òun àti ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin wà. Lougba ńkọ́? Ilé bàbá Ìyá ti wó, wọ́n ti gbin kajú sójú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ rú mi lójú. Ibi tí mo bá kọjú sí, ògiri ni.

Ẹnìkan ló wá sọ fún mi pé ilé kan wà ní Savalou tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Àwọn obìnrin ìjọ Páàdì tí kì í lọ́kọ, tí a ń pè ní Másẹ̀, ló ni ín. Ilé ọ̀hún ní ọgbà, ó ní géètì, wọ́n ń wẹ̀ wọ́n, wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ, ẹnì kankan ò sì lè rìn lọ sójú títì. Mo gbọ́ ọ, ọkàn mi balẹ̀. Ojú sì tì mí pé ó balẹ̀.

Rissikatou, aládùúgbò mi, ló kọ́kọ́ la ẹnu sí i. Ó ní, "Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ṣé ọmú ẹ ti gbẹ ni, tí o fẹ́ lọ da ìyá ọkọ ẹ nù sí Savalou?" Mo ní, "Ó dáa. Òkété rèé. Gbé e sílé ẹ fún ọjọ́ mẹ́ta péré, kó mu tìẹ." Kò gbé e. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, ó sì ń gún mi títí a fi wọ ọkọ̀.

Oṣù kìíní ọdún 1987 ni mo gbé Ìyá lọ. A wọ ọkọ̀ akẹ́rù láti Bantè, ó di ọwọ́ mi mú ṣinṣin lójú ọ̀nà, ó rò pé Lougba là ń lọ. Másẹ̀ àgbà tó ń ṣe ìwé gbà wá dáadáa. Ará Abomey ni, èdè Mahi ti àwọn ará Savalou, tí mo gbọ́ lọ́jà, tó sún mọ́ tirẹ̀, ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ó ṣàlàyé fún mi: ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ sẹ́fà lóṣù ni wọ́n ń gbà fún arúgbó kan. Ṣùgbọ́n bí bírò, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba, ní ìlú rẹ̀ bá kọ̀wé pé ọmọ ibẹ̀ ni, pé kò ní ọmọ nítòsí tó lè gbọ́ bùkátà rẹ̀, ẹgbẹ̀rún kan péré ni, ìjọ á gbé ìyókù. Ní oṣù tó dáa, èrè mi ò ju ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá lọ. Ó ní òun fún mi ní oṣù méjì láti mú ìwé náà wá. Bí mi ò bá mú un wá, kí n san ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, tàbí kí n wá gbé e, nítorí àwọn mìíràn ń dúró.

Ó wá mú ìwé ńlá, ó ní, "Orúkọ rẹ̀?"

Mo ní, "Ìyá."

Ó rẹ́rìn-ín. "Orúkọ rẹ̀ gan-an."

Mo wo Ìyá. Ó ń fi ìka kan apá àga kó kó, bí ẹni ń yẹ iṣu wò. Báwo ni mo ṣe máa sọ fún obìnrin yìí pé ọdún méjìlélógún rèé tí mo ti ń bá a gbé, mi ò mọ orúkọ rẹ̀? Yóò ní mo jí i gbé ni! Ní àkókò yẹn gan-an, ẹnìkan ń pe obìnrin tó ń dáná fún wọn lágbàlá: "Alice! Alice o!"

Mo ní, "Alice ni."

Másẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní orúkọ tó dáa ni. Bí mo ṣe fi ẹnu ara mi dá wàhálà sílẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tó ń ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní bírò Bantè ni Ramanou, ọmọ Pira, ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń fi bírò ìkọ̀wé méjì sápò. Kàmáráádì ni gbogbo wa ń pe àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nígbà yẹn. Ó ṣí ìwé Lougba, ó wá a lókè, ó wá a nísàlẹ̀.

"Kò sí Alice ní Lougba. Alice kan ṣoṣo tí mo rí ní gbogbo àyíká yìí, ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Ìyá Claudine, ṣé orúkọ rẹ̀ nìyẹn lóòótọ́?"

"Rárá."

"Kí wá ni orúkọ rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

Ó gbé bírò sílẹ̀. "Ẹ ò mọ orúkọ ìyá ọkọ yín?"

Inú bí mi. Mo ní, "Kàmáráádì, ìyàwó yín ńkọ́? Ṣé òun mọ orúkọ ìyá tiyín?"

Ó tún mú bírò rẹ̀. Ó ní kí n lọ bi ọmọ rẹ̀ tó wà ní Abidjan léèrè.

Mo kọ̀wé sí Akọ̀wé mi. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko kí èsì tó dé, Faransé ló sì fi kọ ọ́, Ramanou ló kà á fún mi. Ó ní, "Màmá ni èmi ń pè é láti kékeré. Lórí káàdì ìsàmì mi, wọ́n kọ Marcelline síbi orúkọ ìyá. Ṣùgbọ́n Màmá ò ṣèsàmì rí. Mo rò pé katikísítì tó kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ ìsàmì ló kàn fi dí àlàfo. Ẹ bá mi kí Màmá." Ó tán. Ọmọ tó lóyún rẹ̀ sínú, tó pọ̀n, tó ta iṣu kó lè kàwé! Mo wá rí i pé èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ fi irọ́ dí àlàfo obìnrin yìí. Alice, Marcelline, Ìyá Urbain. Orúkọ mẹ́ta, kò sí ọ̀kan níbẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀. Ó wá ń ṣe mí bíi pé mi ò mọ ẹni tí mo gbé lọ sí Savalou rárá.

Ramanou pa ìwé náà pọ̀. Ó rọra ní, "Ìyá Claudine, mo bi ìyàwó mi. Kò mọ̀ ọ́n."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí oṣù méjì pé. Mo gun alùpùpù lọ sí Lougba.

Ní Lougba, gbogbo ẹni tí mo bi ló mọ̀ ọ́n, kò sì sẹ́ni tó lè dá mi lóhùn. Ìyá Bantè ni àwọn kan ń pè é. Àwọn mìíràn ní Ẹ̀gbọ́n wa. Gbogbo wọn ni ó jù lọ, ta ni yóò pe ẹ̀gbọ́n lórúkọ? Wọ́n ní Bàbá Sanoussi nìkan ló kù láyé tó ju Ìyá lọ. Mo bá bàbá náà lábẹ́ igi kajú, ojú rẹ̀ ti fọ́, ó ń fi ọwọ́ yọ èèpo àgbàdo. Mo kúnlẹ̀, mo rò fún un. Ìgbà tí mo dé ibi Savalou, ó ta ìpá sí àgbàdo.

"O gbé ọmọ wa fún àwọn aláṣọ funfun?"

Mo ní, "Bàbá, jálá mẹ́rìnlá ló ń ṣáná sí láàárín." Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, iyọ̀, ọ̀nà Lougba, olè, ìṣáná. Ohùn mi ń lọ sókè, mi ò mọ̀. Mo ní, "Ẹ bá mi dá a. Kí ni kí n ṣe? Bí mo bá mú un padà wálé, a ó jóná. Bí mi ò bá rí orúkọ, wọ́n á lé e jáde. Ẹ̀yin ẹbí rẹ̀, ta ni yóò gbà á nínú yín?"

Ó mú àgbàdo mìíràn, ó ń yọ èèpo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbà á.

Ó wá ní, "Ṣé ìwọ lo ń wẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ẹ̀gbẹ́ ìka ọmọńdinrín rẹ̀ ní ọwọ́ òsì, kí lo máa ń rí níbẹ̀?"

Mo ronú. "Kókó kékeré kan. Mo rò pé ọkọ́ ló bu ú lóko."

"Ọkọ́ kọ́. Òwú ni ìyá rẹ̀ fi so ó, títí ó fi gbẹ tó já bọ́. Ìka mẹ́fà ló mú wá sáyé. Ẹni tó bá wá bẹ́ẹ̀, a kì í wá orúkọ fún un, ó ti mú tirẹ̀ dání. Èmi ò ní fi í sí ìyàwó lẹ́nu. Máa lọ."

Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. Ọdún méjì ni mo ti ń fi ọṣẹ fọ orúkọ yẹn lójoojúmọ́, tí mo ń fi aṣọ nù ún gbẹ. Ojú mi ló wà, mo sì ń wá a kiri títí dé Abidjan.

Nígbà tí mo dé bírò, mi ò lè pe orúkọ náà. Mo sọ fún Ramanou, "Ẹ bá mi wo orúkọ ẹni tó bá ní ìka mẹ́fà."

"Olúgbódi!" Ó pariwo ẹ̀, gbogbo bírò gbọ́. Mo fi ọwọ́ bo etí mi. Ó ṣí ìwé, ìka rẹ̀ ń sáré, ó dúró. "Olúgbódi, obìnrin, Lougba, ìbí nǹkan bí 1915. Ó wà níbí láti ayé àwọn Òyìnbó!" Ó kọ ìwé náà, ó lu òǹtẹ̀ sí i. Ó dùn mọ́ ọn bíi pé ìyá tirẹ̀ la rí. Ó ní, "Ṣùgbọ́n Alice ló wà lọ́dọ̀ Másẹ̀ o. Ẹ lọ jẹ́wọ́."

Ọjọ́ tí oṣù méjì pé gan-an ni mo wọ Savalou. Mo tẹ́ ìwé náà síwájú Másẹ̀ àgbà. Ó kà á, ó ṣí ìwé tirẹ̀, ó wo méjèèjì, ó wò mí. Mo jẹ́wọ́. Mo ní orúkọ obìnrin ìdáná yín ni mo fún yín. Kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Màmá, o ti parọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ irọ́ nínú méjèèjì? Àwọn kan ń gbé ìwé ẹni tó ti kú wá síbí, kí wọ́n má baà san owó."

Òun ló jàre. Òtítọ́ ni mò ń sọ lọ́jọ́ náà, mo sì dà bí gbájúẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ pè é. Bí ó bá jẹ́ ẹ, mo máa tún un kọ. Bí kò bá jẹ́ ẹ, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, tàbí kí o máa gbé e lọ lónìí."

Ìyá wà lágbàlá lábẹ́ ìbòòji, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń kan apá àga rẹ̀, kó kó. Másẹ̀ pè é. Bó ṣe pè é ò dà bí orúkọ ènìyàn. Ìyá ò mirí. Alice obìnrin ìdáná jáde pẹ̀lú síbí lọ́wọ́, òun náà pè é. Ìyá ń kan iṣu rẹ̀ lọ. Másẹ̀ yíjú sí mi.

"Ìwọ pè é."

Mo ní, "Másẹ̀, mi ò lè pè é. Ìyàwó ilé ni mí."

Kò yé e. Báwo ni yóò ṣe yé e? Kò lọ́kọ, kò ní ìyá ọkọ. Ó ní, "O fẹ́ kí n gbà á, o ò sì lè pe orúkọ rẹ̀?" Èmi náà, kò yé mi mọ́. Ẹni tí mo ń wẹ̀, tí mo ń yí aṣọ rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́, tí mo ti gbá lọ́wọ́, kí ló kù tí mò ń bọ̀wọ̀ fún? Ṣùgbọ́n ẹnu mi wúwo. Ọkàn mi ń sọ pé bí mo bá pè é, ó tán nìyẹn, mi ò ní jẹ́ ìyàwó rẹ̀ mọ́. Mo ní nínú mi pé, Tíṣà, dárí jì mí.

Mo pè é wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Kò gbọ́. Mo bá mí kanlẹ̀, mo pè é bí wọ́n ṣe ń pe ènìyàn láti òdìkejì oko:

"Olúgbódi o!"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí àga.

Ó yíjú padà, díẹ̀díẹ̀. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ojú yẹn, ojú ọjọ́ tí ọbẹ̀ bá níyọ̀ jù, mi ò rí i fún ọdún méjì.

"Ìyàwó Urbain!" ni ó wí. "Èmi? Èmi lo la ẹnu pè lórúkọ? Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Ṣakí nìyẹn? Nítorí èyí ni mo ṣe tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà nítorí rẹ?"

Mo wó lulẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, Ìyá, ẹ má bínú, ẹnu mi ló ṣì," mò ń sunkún, mò ń rẹ́rìn-ín, ikun ń yọ nímú mi. Ó ní kí n sọ ọ́ lédè Bantè. Mo sọ ọ́ lédè Bantè.

Másẹ̀ ní, "Kí ló wí?"

Mo ní, "Ó ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́."

Másẹ̀ wo Ìyá, ó wo èmi tí mo wà nílẹ̀. Ó yọ bírò, ó fa ìlà gba orí Alice kọjá.

Kí a tó bu ọwọ́ lu ìwé tán, ọkàn Ìyá ti padà lọ síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé ìwọ lo kó aṣọ mi?" Mo ní èmi kọ́, Ìyá. Mo lọ wọ ọkọ̀.

Ṣé ẹ wá rí i báyìí? Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń lọ sí Savalou, lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, màá san ẹgbẹ̀rún kan mi, màá mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání. Bí mo bá dé, bí mo bá kí i dáadáa pẹ̀lú ìkúnlẹ̀, olè ni mí. Nítorí náà mi ò kí i mọ́. Mo máa dúró lẹ́nu géètì, mo máa pariwo orúkọ rẹ̀ bí ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé, á yíjú, á bú mi dáadáa, á pè mí ní ìyàwó òun. Èébú náà kì í pẹ́ ju kí ènìyàn jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lọ. Nígbà mìíràn á bi mí pé Claudine ńkọ́. Rissikatou tẹ̀lé mi lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́ ọ, òun ló gbé e dé Bantè pé mo ti ya aláìnítìjú. Bóyá mo ṣe é re, bóyá mo ṣe é ibi, títí di òní ó ṣì rú mi lójú.

Oṣù kejì ọdún 1990, ọyẹ́ ń fẹ́, mo dé géètì, mo pè é. Wọ́n ti gbé e wọlé sórí ibùsùn. Mo wọlé, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, mo tún pè é. Mo pè é bí wọ́n ṣe ń pè láti òdìkejì oko, àwọn arúgbó yòókù jí. Ó ń wò mí. Kò bú mi.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, mo ní, "Ìyá."